Irú Ohùn Wo Ni Ilẹ̀ Fi Ń Mì? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Nípa Ìmìtìtì Ilẹ̀ àti Ohun Tó Wà Nísàlẹ̀

Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mì ní Turkey lóṣù kejì 2023 ni àwọn èèyàn ti ń bi mí ní ìbéèrè, nínú dánfó láti Yábàá lọ sí CMS, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìnáwó, torí wọ́n mọ̀ pé geophysics, ìmọ̀ nípa bí ilẹ̀ ayé ṣe ń ṣiṣẹ́, ni mo kà. Mo wá kó àwọn tó wọ́pọ̀ jù jọ síbí. Gbogbo èèyàn ló máa ń béèrè bó ṣe tóbi tó, ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó wù mí kẹ́ ẹ máa béèrè ọ̀kan sí i: irú ohùn wo ló fi mì (ohun táwọn onímọ̀ ń pè ní frẹ́kúẹ́ńsì)? Torí ohùn yẹn ló ń tú àṣírí irú ilẹ̀ tó ti wá.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni frẹ́kúẹ́ńsì yìí? Ṣé iye ìgbà tí ilẹ̀ ń mì lọ́dún ni?

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà lo ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn ló ń da èèyàn láàmú. Tó bá jẹ́ iye ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ̀ ń béèrè, káàkiri ayé, èyí tó wọn 7 sókè (lórí ìwọ̀n títóbi ìmìtìtì, tí wọ́n ń pè ní magnitude) máa ń tó bíi 15 lọ́dún, èyí tó wọn 8 sókè máa ń tó bíi ẹyọ kan. Àmọ́ èyí tí mo fẹ́ sọ níbí ni bí ilẹ̀ ṣe ń gbọ̀n lọ gbọ̀n bọ̀ sí láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Ìgbà kan láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, Hertz kan nìyẹn. Jẹ́ńẹ́rétọ̀ kékeré tó wà ní bákónì yín, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń yí nígbà 50 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, ẹ sì ń gbọ́ ọ bó ṣe ń kùn. Ilẹ̀ lè gbọ̀n nígbà 20 láàárín sẹ́kọ́ńdì, ó sì lè jẹ́ pé ó máa gba ìṣẹ́jú kan gbáko kó tó lọ tó bọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àtèyí tó yára àtèyí tó falẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló máa ń wà pọ̀ nínú ìmìtìtì kan náà, ibi tí agbára ẹ̀ pọ̀ sí jù la máa ń wò.

Kí ló dé tí ohùn wọn ò fi dọ́gba?

Ẹ rántí àwọn onílùú dùndún níbi ìnáwó. Gúdúgúdú kéré, ohùn ẹ̀ há, ó ń ta sókè. Ìyáàlù tóbi, ohùn ẹ̀ lè lọ sílẹ̀ dáadáa. Bó ṣe rí lábẹ́ ilẹ̀ náà nìyẹn. Àpáta ti là síbì kan (ẹ̀là la ń pe irú ibẹ̀), ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń fúnra wọn pa, lọ́jọ́ kan wọ́n á yọ̀ lára ara wọn. Bí ojú ibi tó yọ̀ yẹn bá ṣe fẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ohùn á ṣe lọ sílẹ̀ tó. James Brune, onímọ̀ nípa ìmìtìtì ilẹ̀, ló ṣe ìṣirò ẹ̀ lọ́nà tí gbogbo ayé ṣì ń lò dòní, lọ́dún 1970. Tá a bá fi ìṣirò yẹn ṣe é, ìmìtìtì tó wọn 3, agbára ẹ̀ á wà títí dé bíi 7 Hertz kó tó máa já sílẹ̀, èyí tó wọn 5 á já ní bíi 0.7, èyí tó wọn 7 ní bíi 0.07. Ẹ wò ó dáadáa: gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gun òkè ní ìwọ̀n méjì, ohùn á sọ̀kalẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá.

Àmọ́ títóbi nìkan kọ́. Onígángan tó mọ iṣẹ́ ẹ̀, ìlù kan náà ló gbé há abíyá, tó bá fún awọ ẹ̀ mọ́ra ohùn á gòkè, tó bá dẹ̀ ẹ́ ohùn á wálẹ̀. Fífún awọ yẹn ni ìfúnpọ̀ tí àpáta tú sílẹ̀ lọ́jọ́ tó yọ̀. Ó sábà máa ń wà láàárín megapascal 1 sí 10, megapascal kan sì tó ìlọ́po mẹ́wàá bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ̀ wá mọ́lẹ̀ ní Èkó níbí. Nítorí náà ìmìtìtì méjì lè wọn iye kan náà kí ohùn wọn má jọra rárá, torí ọ̀kan ti ibi tí awọ ti le koko wá, èkejì ti ibi tí awọ ti dẹ̀.

Báwo ló ṣe wá kan irú àdúgbò tí ilẹ̀ náà ti mì?

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Òkè ilẹ̀ ayé pín sí àwọn ègé ńláńlá tí wọ́n ń pè ní pléètì, wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀, tiwa tó gbé Áfíríkà ń sún lọ sí àríwá ìlà-oòrùn, bíi sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ lọ́dún, èékánná yín ń hù jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Níbi tí pléètì méjì ti pàdé, wọ́n máa ń yọ̀ lára ara wọn lemọ́lemọ́. Láàárín gbùngbùn pléètì, ẹ̀là kan lè dákẹ́ fún ẹgbẹ̀rún ọdún kó má sún. Géètì tí wọ́n ń ṣí lójoojúmọ́, tẹ́ ẹ bá tì í á lọ wẹ́rẹ́. Ẹ wá lọ wo géètì tí wọ́n ti tì pa láti ọdún mẹ́wàá ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí atẹ́gùn ọ̀sà ti jẹ́ kó dógùn-ún, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fipá ṣí i, gbà! ló máa dún. Ẹ̀là tó ti pẹ́ láìsún náà ti lẹ̀ pọ̀ padà, ìgbà tó bá já ojú ibi kékeré ló máa ń tú ìfúnpọ̀ ńlá sílẹ̀, ohùn ẹ̀ á sì ga. Àwọn onímọ̀ méjì, Kanamori àti Anderson, ti tọ́ka sí i láti 1975, wọ́n rí bíi megapascal 3 létí pléètì, bíi 10 láàárín pléètì. Iye tó wà láàárín nìyẹn o, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè yàtọ̀ gan-an, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ṣì ń jiyàn lórí bí ìyàtọ̀ náà ṣe tó.

Ibi tí pléètì ti ń já kúrò lára ara wọn ní àárín òkun, àpáta ibẹ̀ gbóná, ó tín-ín-rín, ìmìtìtì ibẹ̀ kì í sábà tóbi. Ibi tí wọ́n ti ń fara nu ara wọn kọjá yàtọ̀. Ní 29 oṣù kẹjọ 2016, ẹ̀là Romanche, nínú òkun Àtìláńtíìkì, yọ̀, ó wọn 7.1, ẹ̀là yẹn sì na ọwọ́ bọ̀ sí apá Gulf of Guinea ti àwa níbí. Ó kọ́kọ́ sáré lọ sí ìlà-oòrùn, ó tún yíjú padà sáré sí ìwọ̀-oòrùn, bíbọ̀ ẹ̀ sì yára ju ìgbì tó ń mi ilẹ̀ fúnra ẹ̀ lọ. Èyí tó ṣe pàtàkì ni pé ibi tí ẹ̀là bá ti yára já báyìí, ohùn gíga á pọ̀ níbẹ̀.

Àwọn ibi tí pléètì kan ti ń rì sábẹ́ òmíì, bíi Japan, Chile, Indonéṣíà, ibẹ̀ ni ìyáàlù wà. Ti Sumatra ní 26 oṣù kejìlá 2004, ẹ̀là tó gùn tó kìlómítà 1,300 ló ya, yíya ẹ̀ nìkan gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Gbogbo ayé pátá dún bí agogo, ohùn tó lọ sílẹ̀ jù nínú ẹ̀ máa ń gba ìṣẹ́jú 54 kó tó lọ tó bọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ṣé ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ sún lábẹ́ èèyàn kó má mọ̀ rárá?

Ó ń ṣẹlẹ̀ déédéé. Ní Cascadia, etí òkun Amẹ́ríkà àti Kánádà lọ́wọ́ ìwọ̀-oòrùn, bíi gbogbo oṣù 14 ni pléètì máa ń yọ̀ lábẹ́ Vancouver Island fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wúyẹ́wúyẹ́, kò ní mi abọ́ lórí tábìlì. GPS ló tú u fó. Tó bá jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ló yọ̀ ni, ìmìtìtì ńlá ni ì bá jẹ́.

Lọ́dún 2002, Kazushige Obara ní Japan sọ nípa ariwo kan tó ń kùn lábẹ́lẹ̀ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ibẹ̀, bíi kìlómítà 30 nísàlẹ̀, nígbà míì ó máa ń kùn fún ọjọ́ bíi mélòó kan láìdáwọ́ dúró. Nínú kíkùn yẹn, wọ́n rí àwọn ìmìtìtì kéékèèké tí ohùn wọn ò bá títóbi wọn mu. Ìmìtìtì tó wọn 1 tàbí 2 yẹ kó máa ta sókè bíi gúdúgúdú, ṣùgbọ́n ohùn ìyáàlù làwọn yìí ń sọ. Kí ló fà á? Awọ ti dẹ̀. Pléètì tó ń rì gbé omi lọ sísàlẹ̀, ooru fún omi náà jáde lára àpáta, omi wá wọ ojú ẹ̀là kó jẹ́ kó máa yọ́ lọ. Ohùn yẹn wà lára ohun tá a fi mọ̀ pé omi wà níbẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ò lè gbẹ́ kànga dé láéláé. Èmi ò mọ ohun tó tún wú mi lórí tó yìí nínú iṣẹ́ yìí.

Tó bá mì jẹ́jẹ́, ṣé ó túmọ̀ sí pé kò léwu?

Rárá o, ẹ má gbà á gbọ́, ó ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní 15 oṣù kẹfà 1896, ọjọ́ ọdún ni ní etí òkun Sanriku ní Japan, ilẹ̀ mì díẹ̀, kò le, àwọn èèyàn ń bá àríyá wọn lọ. Bíi ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn náà òkun wọlé. Èèyàn bíi 22,000 ló kú. Nicaragua náà rí bẹ́ẹ̀ lóṣù kẹsàn-án 1992, ọ̀pọ̀ ò tiẹ̀ fura kí omi tó dé. Ẹ̀là irú ibi bẹ́ẹ̀ wà lókè nínú ẹrọ̀fọ̀ rírọ̀ lójú òkun, kì í sáré já, ìdajì bí àwọn yòókù ṣe ń yára tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sí ohùn gíga tó máa ń dẹ́rù bani nínú ẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ló pọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ yẹn ló sì gbé òkun. Tẹ́ ẹ bá rin ìrìn àjò dé irú etí òkun bẹ́ẹ̀, tí ilẹ̀ mì jẹ́jẹ́ tó sì pẹ́ kó tó dáwọ́ dúró, ẹ má dúró wo nǹkan kan, ẹ gun òkè.

Ojú ẹ̀là kan náà sì lè ní ohùn méjì. Ti Tohoku, 11 oṣù kẹta 2011, ó wọn 9. Apá ìsàlẹ̀ ẹ̀là náà, tó sún mọ́ ilẹ̀, ló mú ohùn gíga tó mi ilé wá. Apá òkè, létí kòtò òkun, yọ̀ tó mítà 50, ohùn ibẹ̀ wà nílẹ̀ pátápátá, ibẹ̀ ni omi ti dìde.

Òkè tó ń yọ iná ńkọ́?

Tiwọn lọ́tọ̀. Tí àpáta bá là, ohùn á ga, ju 5 Hertz lọ. Tí iná yíyọ́ àti gáàsì bá ń gba inú ihò kọjá, á máa fọn bíi fèrè, láàárín 0.5 sí 5 Hertz. Àwọn tó ń ṣọ́ òkè bẹ́ẹ̀ máa ń fetí sí èyí kejì yìí gan-an. Èyí tó sún mọ́ wa jù ni òkè Cameroon, ó yọná ní 1999 ó tún yọ ní 2000.

Mo gbọ́ pé nǹkan kan ń lù lábẹ́ òkun wa. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, inú mi sì dùn pé ẹ béèrè. Gbogbo sẹ́kọ́ńdì 26 ni nǹkan kan ń lu ilẹ̀ nínú Gulf of Guinea, ní ìhà Bight of Bonny. Jack Oliver ló kọ́kọ́ kọ nípa ẹ̀ ní 1962, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ẹ̀, nígbà tó di 2005 àwọn ará yunifásítì Colorado tún rí i lórí kọ̀ǹpútà wọn. Ẹ ṣírò ẹ̀, ó ju ìgbà 3,300 lọ lójúmọ́, látọdúnmọ́dún. Èèyàn ò lè mọ̀ ọ́n lára, ẹ̀rọ nìkan ló ń gbọ́ ọ, àmọ́ ẹ̀rọ tó wà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù náà ń gbọ́ ọ.

Ìgbì òkun máa ń mi ilẹ̀ níbi gbogbo, ìyẹn ò ṣàjèjì, bíi sẹ́kọ́ńdì 7 àti 14 ni tiwọn. Ti sẹ́kọ́ńdì 26 yìí ló yàtọ̀, torí ojú kan ló wà tí ohùn ẹ̀ kì í sì yí padà. Àwọn kan ní ìgbì tó ń kọlu ilẹ̀ abẹ́ òkun lójú ibẹ̀ ni, àwọn míì ní òkè oníná tó wà nítòsí São Tomé ló ń ṣe é, wọn ò tíì fẹnu kò. Ó máa ń le sí i tí ìjì bá ń jà lójú òkun. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwa la sún mọ́ ọn jù, ọ̀dọ̀ àwọn tó jìnnà la sì ti ń kà nípa ẹ̀. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa tó ń ka geophysics ní Àkókà àti Ifẹ̀ gbé e dání.

Nàìjíríà ò sí létí pléètì, kí ló wá dé tí ilẹ̀ fi mì ní Ìjẹ̀bú-Òde?

28 oṣù keje 1984 nìyẹn, àwọn àgbà Ìjẹ̀bú tó wà nílé nígbà náà ṣì ń sọ ọ́. Abẹ́òkúta náà mọ̀ ọ́n lára ní 11 oṣù kẹsàn-án 2009, Mpape ní Abuja mì lóṣù kẹsàn-án 2018. Àpáta ìsàlẹ̀ wa ti darúgbó, Olúmọ tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn, ìran ẹ̀ ti tó bíi 600 mílíọ̀nù ọdún, àwọn ẹ̀là àtijọ́ sì wà nínú ìran àpáta yẹn, bíi èyí tí wọ́n ń pè ní Ifewara, ní apá Ifẹ̀ àti Iléṣà. Òkun Àtìláńtíìkì ń fẹ̀ sí i, ó ń tì wá láti ẹ̀gbẹ́, títì yẹn ló ń lọ kó jọ sójú ẹ̀là àtijọ́.

Ìmìtìtì wa kì í tóbi, nítorí náà ohùn ẹ̀ ga. Èyí tó kéré tó sì wà lókè lè dún bí àrá tàbí bí ìgbà tí wọ́n ń fọ́ òkúta, torí ohùn tó bá ti dé 20 Hertz, etí èèyàn á máa gbọ́ ọ. Nǹkan kejì ni pé àpáta arúgbó tó tutù kì í tètè gbé ohùn gíga mì, ó máa ń jẹ́ kó rìn jìnnà. Ní 23 oṣù kẹjọ 2011, ilẹ̀ mì ní Virginia, Amẹ́ríkà, 5.8 péré, òpó ìrántí Washington sán, àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n lára títí dé Kánádà. Irú ẹ̀ ní Kalifóníà, níbi tí àpáta ti fọ́ yẹ́lẹyẹ̀lẹ tó sì gbóná, kò ní rìn dé ìdajì ibẹ̀.

Nǹkan kan mi ilé mi ní Sùúrùlérè lálẹ́ àná. Ìmìtìtì ilẹ̀ ni àbí trélà?

Ẹ̀gbọ́n, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ trélà. Èmi náà ti kó sí i, wọ́n ń gbin òpó fún ilé gogoro kan lẹ́yìn ilé wa ní Èbúté-Mẹ́ta, màmá onílé wa gbé rédíò àti Bíbélì jáde síta, ọjọ́ kẹta ni ògiri ilé ìdáná wa sán. Trélà àti òpó gbígbìn máa ń mi ilẹ̀ ju 10 Hertz lọ, ó sì máa ń tètè kú tẹ́ ẹ bá ti sún kúrò díẹ̀. Àwọn nǹkan tí mo máa ń béèrè ni pé ṣé ó tún mì lẹ́yìn ìyẹn ní ìwọ̀n àkókò kan náà (òpó ni), ṣé àwọn ará Ìkẹjà àti Àjáh mọ̀ ọ́n lára ní ìṣẹ́jú kan náà, ṣé gílóòbù tó so rọ̀ ń fì lọ fì bọ̀. Tó bá jẹ́ àdúgbò yín nìkan, ẹ lọ sùn.

Lekki tí wọ́n fi yanrìn dí ńkọ́?

Ìbéèrè yìí kì í jẹ́ kí n fọwọ́ lẹ́rán. Ilẹ̀ rírọ̀ ní ohùn tirẹ̀, tí ohùn tó ń bọ̀ láti òkèèrè bá bá a mu, á gbé e ga. Ní 19 oṣù kẹsàn-án 1985, ìmìtìtì tó wọn 8 ṣẹlẹ̀ létí òkun Mexico, ìlú Mexico City jìnnà sí i tó kìlómítà 350. Orí adágún tó ti gbẹ ni apá kan ìlú náà wà, amọ̀ rírọ̀, ohùn ẹ̀ jẹ́ bíi sẹ́kọ́ńdì méjì fún lílọ bíbọ̀ kan. Ohùn gíga ti kú sọ́nà, ohùn ìsàlẹ̀ ló kù, òun gan-an ni amọ̀ yẹn ń dúró dè. Ilé alájà mẹ́fà sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wó jù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kú, àwọn ilé kéékèèké ẹ̀gbẹ́ wọn sì dúró.

Ká ṣírò tiwa. Ilé máa ń fì ní bíi ìdá mẹ́wàá sẹ́kọ́ńdì fún àjà kọ̀ọ̀kan, alájà mẹ́wàá, sẹ́kọ́ńdì kan. Ká ní ẹrọ̀fọ̀ mítà 30 wà lábẹ́ ilé, tí ìgbì ń rìn nínú ẹ̀ ní mítà 150 láàárín sẹ́kọ́ńdì, ohùn ẹ̀ á jẹ́ 1.25 Hertz, ìyẹn 0.8 sẹ́kọ́ńdì fún lílọ bíbọ̀ kan, ilé alájà mẹ́jọ nìyẹn ń fì pẹ̀lú ẹ̀. Accra mì ní 22 oṣù kẹfà 1939, ó wọn 6.5, ó sì tó kìlómítà 400 sí wa. Mi ò ní kẹ́ ẹ bẹ̀rù o, agbára 6.5 ò tó ìdá kan nínú 150 ti Mexico yẹn. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kẹ́ni tó fẹ́ kọ́ alájà mẹ́jọ sórí yanrìn jẹ́ kí wọ́n wọn ohùn ilẹ̀ náà kí wọ́n tó da fandéṣọ̀n, wọn kì í ṣe é lọ́pọ̀ ibi tí mo ti débẹ̀, wọ́n á gbẹ́ ihò kan méjì, ó parí.

Tó bá ń mì kéékèèké lemọ́lemọ́, ṣé kò ní jẹ́ kí ńlá wá mọ́?

Rárá. Ìgbésẹ̀ kan sókè nínú ìwọ̀n, agbára á fi bíi ìlọ́po 32 pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n iye ìgbà tí kékeré ń ṣẹlẹ̀ fi ìlọ́po mẹ́wàá péré pọ̀ ju ti ńlá lọ. Kò lè san gbèsè yẹn.

Ṣé ohùn yìí lè jẹ́ ká mọ ọjọ́ tó máa mì?

Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fi dátì ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.

Ṣé àwa náà lè gbọ́ ohùn yìí?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀fẹ́ ni àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀rọ yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ìkànnì EarthScope, àjọ tí wọ́n ń pè ní IRIS tẹ́lẹ̀. Ẹ mú wákàtí mélòó kan, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà sáré lò ó ní ìlọ́po 1,000, ẹ fi ìyáfọ́ọ̀nù gbọ́ ọ, torí súpíkà fóònù ò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀. Ìmìtìtì ńlá láti òkèèrè á sán kù-ù-ù bí àrá tó ń yí lọ lójú òjò. Tí ibi tẹ́ ẹ mú bá sún mọ́ Gulf of Guinea, lábẹ́ gbogbo ẹ̀, ẹ máa gbọ́ ohùn kan tó ń kùn ní 38 Hertz, kò ní dáwọ́ dúró. Òun ni ti sẹ́kọ́ńdì 26 yẹn.